Sájẹ́ǹtì Tó Fẹ́ Fi Òfin Ṣọ́jà Pa Iná Oko

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Akínwọlé Láníyì ṣe le tó, kó lọ bi àwọn ewúrẹ́ Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Láti ọdún 1984 tó ti fi iṣẹ́ ṣọ́jà sílẹ̀ tó padà wálé, kò sí ewúrẹ́ tó jẹ́ dúró sí àárín ọ̀nà bó bá ń bọ̀. Àyà rẹ̀ a yọ síwájú, ojú rẹ̀ a máa wo ọ̀kánkán, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa ró kì, kì, kì lórí ilẹ̀. Àwọn obìnrin á ní, "Sájẹ́ǹtì ló ń bọ̀ un," wọn á sì rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ̀rín náà kì í ṣe ti ẹ̀gàn, nítorí gbogbo ìlú ló mọ ohun tó gbé ọkùnrin náà wálé.

Iná ni. Ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ìgbà tó dé, ọdún tí òjò kọ̀ tí ọyẹ́ sì fẹ́ títí ètè ọmọdé fi ń ṣẹ̀jẹ̀, iná wọ oko kòkó. Oko bàbá Akínwọlé jó kanlẹ̀. Bàbá arúgbó náà gbé àga síta, ó kọjú sí ọ̀nà oko, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí òjò tó rọ̀ dáadáa, ó ti kú. Bárékè kan lókè ọya ni Akínwọlé wà nígbà tí lẹ́tà dé ọwọ́ rẹ̀, ìgbà tó sì fi délé, wọ́n ti sìnkú tán.

Ohun tó dùn ún jù kì í ṣe pé iná jó oko. Iná kì í mọ ojú ẹni. Ohun tó dùn ún ni bí oko ṣe jó. Wọ́n sọ fún un pé lọ́jọ́ náà, ọkùnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló mú àdá jáde. Kálukú wọn sá lọ sí oko tirẹ̀. Ẹnì kan ń fi ewé lu iná níhìn-ín, ẹnì kejì ń sunkún lọ́hùn-ún, ẹnì kẹta ń pe ìyàwó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ran ẹnì kejì lọ́wọ́, nígbà tí oòrùn sì wọ̀, oko gbogbo wọn ti jó.

"Ọgọ́rùn-ún ọkùnrin!" Akínwọlé á sọ, á sì fi ọwọ́ lu itan. "Ọgbọ̀n ṣọ́jà ì bá pa iná yẹn kó tó di ọ̀sán!"

Ó lọ sídìí sàréè bàbá rẹ̀, ó sì búra níbẹ̀. Ó ní òun máa tún oko náà gbìn, àti pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń mí, iná kò ní í jẹ ẹ́ mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín. Ó fi okùn wọn ilẹ̀, ó to kòkó náà ní ìlà ní ìlà bí ẹni tó ń to ọmọ ogun síwájú ọ̀gágun. Yétúndé, ìyàwó rẹ̀, ní kó rọra, pé kòkó kì í yan. Ó tún na okùn fún ìlà mìíràn.

Ní 1986, ó pe àwọn ọkùnrin ìlú jọ sí pápá ilé ìwé, ó sì dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógójì ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn Òkè, àwọn Odò, àwọn Ojú Títì. Méjìlá ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ìhà kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gé ìlà síwájú iná, kí wọ́n gbá ewé gbígbẹ kúrò títí ilẹ̀ á fi hàn pupa, kí iná dé ibẹ̀ kó má rí nǹkan jẹ. Ó kọ́ wọn pé iwájú làwọn aládàá ń wà, àwọn tó ń gbálẹ̀ á tẹ̀ lé wọn, àwọn tó gbé omi á wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ra fèrè kan, irú èyí tí rẹfirí ń fọn, ó so ó mọ́ ọrùn. Fèrè gígùn kan, kí gbogbo ènìyàn lọ sí ipò rẹ̀. Méjì, kí Òkè gbéra. Mẹ́ta, kí Odò gbéra. Mẹ́rin, kí Ojú Títì gbéra.

Òfin méjì ló fi lélẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá lọ sí oko tirẹ̀. Ìkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ láìgbọ́ fèrè Sájẹ́ǹtì.

Mojíbọ́lá, opó kan tó ní oko kòkó létí odò, dìde lẹ́yìn níbi tó jókòó sí. Obìnrin tó ga, tí ohùn rẹ̀ kò mọ ìsọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Sájẹ́ǹtì," ó ní, "àwa obìnrin tó ní oko ńkọ́? Ìhà wo la máa wà?"

"Ẹ̀yin á máa pọn omi," Akínwọlé dáhùn. "Ìjà nìyí. Kì í ṣe ti obìnrin."

Mojíbọ́lá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ó dáa," ó sì jókòó.

Ká má parọ́, ètò náà dára. Ẹ̀ẹ̀rùn 1987, àwọn kan tó ń fi iná lé òkété dá wàhálà sílẹ̀ lápá òkè. Fèrè ró, kálukú wà nípò. Fèrè ró lẹ́ẹ̀mejì, àwọn Òkè gbéra. Kí oòrùn tó kanrí, iná ti kú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mélòó kan ló bá a lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọjọ́ yẹn ni Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ rí i lójú. Àwọn ará Ìdóàní gbọ́, wọ́n rán ènìyàn wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Inú Akínwọlé dùn débi pé ó gbàgbé láti jẹun.

Àmọ́ oríyìn ń pa ọmọ ènìyàn bí ọtí. Àbí kí ni ká ti pè é? Ṣe ni Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ènìyàn joyè. Olúgbádé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ olórí àwọn Odò, di Kọ́púrà. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń yan ní pápá ilé ìwé, "lẹ́fù, ráìtì, lẹ́fù, ráìtì," eruku á gba ojú ọ̀run. Ẹni tó bá bèèrè nǹkan lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì, pípariwo ló fi ń dá a lóhùn. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró gbagidi. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, nítorí pé iṣẹ́ Sájẹ́ǹtì nìyẹn. Òun nìkan ni kó máa wò, kí àwọn tó kù máa gbọ́ràn.

Oṣù kìíní ọdún 1989, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í dun Sájẹ́ǹtì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ti ja ogun abẹ́lé já, eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ló gbé e ṣánlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, kò lè la ẹnu mọ́, ló bá gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀wọ̀ kí wọ́n lè yọ ọ́. Fèrè wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó ń lọ.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ náà ni iná dé ìhà odò. Àwọn ọkùnrin rí èéfín, wọ́n sáré lọ sí ipò wọn láìsí pé ẹnì kankan pè wọ́n, nítorí wọ́n ti kọ́ ìyẹn dájú. Olúgbádé àti àwọn mọ́kànlá rẹ̀ to ìlà sí ìdí igi ìrókò kan, àdá lọ́wọ́, ewé tútù lọ́wọ́. Wọ́n sì dúró.

Mojíbọ́lá sáré débẹ̀, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀. "Olúgbádé! Iná ti wọ igbó ẹ̀yìn oko mi! Kí lẹ̀ ń dúró ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, a ò tíì gbọ́ fèrè."

"Fèrè wo? Sájẹ́ǹtì wà ní Ọ̀wọ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, bí a bá fi ibí sílẹ̀ tí iná gba ibòmíràn yọ ńkọ́? Sájẹ́ǹtì á pa mí."

Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ojú rẹ̀ sì ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Kì í ṣe ojo. Ọmọ tó gbọ́ràn ni, ìyẹn gan-an ló sì burú níbẹ̀. Mojíbọ́lá já ẹ̀ka igi, òun àti obìnrin méjì kojú iná náà títí èéfín fi lé wọn sẹ́yìn. Kòkó rẹ̀ jó tán, igi tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ gbìn. Ní ìdí ìrókò, kò ju ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ sí ibẹ̀ lọ, ọkùnrin méjìlá dúró tí wọ́n ń wò ó. Iná náà dé ojú odò gbígbẹ, kò rí nǹkan jẹ mọ́, ó sì kú fúnra rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Akínwọlé dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, òwú kún ẹnu rẹ̀. Olúgbádé sáré pàdé rẹ̀, ó nà gbọnrangandan, ó kí i ní kíkí ṣọ́jà. "Sájẹ́ǹtì, oko ẹ̀gbọ́n Mojíbọ́lá jó. Àmọ́ kò sí ẹnì kan tó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, sà!"

Akínwọlé la ẹnu kó bú u. Òwú ló bọ́ jáde. Ìgbà tó sì tún fi máa rí ọ̀rọ̀ sọ, ìbínú náà ti yí padà wá bá òun fúnra rẹ̀.

Nítorí ó ti rí irú rẹ̀ rí. Lójú ogun, onírédíò ni, òun ló ń gba àṣẹ ọ̀gá wá. Wọ́n fi ogójì ènìyàn ṣọ́ afárá kan, wọ́n ní kí wọ́n má kúrò níbẹ̀ àfi bí ọ̀gá àgbà bá pè. Lọ́jọ́ kejì, rédíò kú. Akínwọlé tú u, ó tò ó, kò dáhùn. Gbogbo wọn fojú ara wọn rí i pé àwọn ọ̀tá ti gba ọ̀nà mìíràn yí wọn ká, ọ̀nà àbáyọ sì wà, àmọ́ lẹ́fútẹ́náǹtì wọn ní òun ò gbọ́ àṣẹ. Wọ́n dúró. Àwọn mẹ́sàn-án ló padà wálé nínú ogójì. Ó ti ń sọ ìtàn náà fún Yétúndé láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, á sì máa bú lẹ́fútẹ́náǹtì yẹn. Kò sí ibi tó gbà ronú pé òun náà máa wá so rédíò kan ṣoṣo mọ́ ọrùn, tí òun á sì gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ yọ eyín.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi wà lẹ́nu ọ̀nà Mojíbọ́lá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọkùnrin ọlọ́mọ mẹ́rin, nínú eruku. Ará ilé kan tó ń tu obìnrin náà nínú ní, "Ẹ gbà bẹ́ẹ̀, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

"Ẹwà wo?" Mojíbọ́lá yí sí i. "Pa ẹnu ẹ mọ́! Sájẹ́ǹtì, ẹ dìde. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í hu kòkó."

"Mo ti tú ẹgbẹ́ náà ká," Akínwọlé sọ, ẹnu rẹ̀ ṣì wúwo. "Èmi ni mo jó oko yín."

"Ẹ tú u ká kẹ̀? Kí kálukú tún máa sá lọ sí oko rẹ̀? Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́!" Ó gbá ọwọ́ pọ̀. "Ẹgbẹ́ yẹn dára. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ jẹ́ ojú fún gbogbo wa. Ta ló mọ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ létí odò jù mí lọ? Ogún ọdún ni oòrùn ti ń yan mí gbẹ níbẹ̀! Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kí ló dé tẹ́ ẹ ní ọwọ́ tiyín nìkan ló máa ṣe méjèèjì?"

Akínwọlé dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Ó lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹrin, ó pe ìpàdé. Ó ra fèrè mẹ́ta mìíràn, ó gbé ọ̀kan fún olórí ìhà kọ̀ọ̀kan. Ó ní yíyan lẹ́fù ráìtì ti parí, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ la máa kọ́ báyìí. Ó ní òfin àkọ́kọ́ kò yí padà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá lọ sí oko tirẹ̀. Àmọ́ òfin kejì ti kú. Ìhà tí iná bá dé, olórí ìhà yẹn ni ọ̀gá lórí gbogbo wa lọ́jọ́ náà. Ohun tó bá sọ labẹ gé.

"Títí kan ẹ̀yin náà?" Olúgbádé bèèrè.

"Títí kan èmi. Olórí àwọn Odò láti òní ni Mojíbọ́lá."

Ariwo sọ. Àwọn kan ní ayé ti bàjẹ́. Olúgbádé, tí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, rìn lọ sẹ́yìn Mojíbọ́lá, ó dúró síbẹ̀. "Ká ní mo tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ yẹn ni," ó ní, "oko wọn ì bá ṣì wà." Ìyẹn ló pa ariwo náà.

Ọdún márùn-ún kọjá. Wọ́n pa iná kékeré, wọ́n pa ńlá. Mojíbọ́lá tún kòkó rẹ̀ gbìn. Kòkó Akínwọlé ti dàgbà, orí wọn ti pàdé lókè, abẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn, ó tutù. Ó ti fi owó èso rẹ̀ àkọ́ká kan òrùlé sórí sàréè bàbá rẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá ti ṣiṣẹ́ tán, á jókòó sábẹ́ igi, kò ní í ṣe nǹkan kan, á kàn máa wò wọ́n.

Oṣù kejì ọdún 1994, ọyẹ́ padà wá bíi ti 1983. Iná ti ìhà odò wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ti ń bá jà. Ó ti jẹ igbó eèsún tó wà lẹ́yìn odò, ọwọ́ iná ga ju igi lọ, ariwo rẹ̀ ń dún bí ọkọ̀ agbépo lórí òkè. Gbogbo ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn oko Akínwọlé. Lẹ́yìn ọ̀nà yẹn, oko ọgbọ̀n ènìyàn ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn wọn, ilé.

Mojíbọ́lá bu eruku, ó da á sókè, ó wò ó. Ó tún dà á. Ó wo iwájú, ó wo ọ̀nà ẹsẹ̀, kò wo ojú Akínwọlé.

"A ò lè gé ìlà síwájú oko Sájẹ́ǹtì," ó ní. "Iná náà ò ní í jẹ́ ká gé e dé ìdajì kó tó dé bá wa. Ojú ọ̀nà yìí nìkan ló ṣeé dúró sí. A máa fi iná pàdé iná. Láti ibí."

Ó yé gbogbo ènìyàn. Wọ́n máa dáná sun oko Akínwọlé láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ síwájú, kí iná ńlá tó débẹ̀, kó má bàa rí ewé gbígbẹ kankan tó máa gùn wọ oko àwọn tó kù.

Akínwọlé sún mọ́ ọn. "Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?"

"Sájẹ́ǹtì, bí ó bá wà, mo ti sọ."

Olúgbádé ń wo Akínwọlé lójú, gbogbo àwọn tó kù ń wò ó pẹ̀lú, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu òun, wọn á lọ gé ìlà síwájú oko òun, wọn á ju ẹ̀mí wọn sínú iná nítorí pé Sájẹ́ǹtì ló sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó rántí sàréè, ó rántí ìbúra.

Ló bá kó ẹsẹ̀ jọ, ó na ara tọ́ gbọnrangandan. "Yẹsà!" ó ní fún Mojíbọ́lá.

Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Òun ló mú imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ, òun ló ti iná bọ̀ ọ́, òun ló rìn lẹ́bàá ìlà kòkó rẹ̀ láti orí dé ìdí, tó ń kan iná mọ́ ewé abẹ́ wọn, igi kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn igi tó fi okùn tò. Lẹ́yìn náà ó padà sórí ọ̀nà, ó gba ewé tútù, ó to ara rẹ̀ sáàárín àwọn Odò, ó sì ń lu gbogbo ẹ̀tà iná tó bá fẹ́ fò kọjá. Omijé ń dà lójú rẹ̀ ṣòròṣòrò, kò nù ún. Bí ènìyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Kò sí ẹ̀tà iná kan tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Iná méjèèjì pàdé láàárín oko náà. Wọ́n bú ramúramù, wọ́n fò sókè, wọn ò sì rí nǹkan jẹ mọ́. Nígbà tó fi máa di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, èéfín ló kù. Oko ọgbọ̀n ènìyàn wà ní tútù lẹ́yìn wọn. Àwọn ènìyàn ń jókòó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mu omi, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run.

Akínwọlé nìkan ló ṣì wà lórí ìdúró, tó ń fi ewé tó ti gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lu ilẹ̀ dúdú. Olúgbádé ní, "Sájẹ́ǹtì, ó ti tó." Kò gbọ́. Yétúndé ìyàwó rẹ̀ dé pẹ̀lú garawa omi, ó pè é ní orúkọ. Kò gbọ́.

Mojíbọ́lá wá dúró tì í. Eérú bo òun náà láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti wú. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ lọ jókòó."

Ó wò ó. "Ṣé àṣẹ ni?"

"Àṣẹ ni."

Ìgbà náà ló tó jókòó.